Bí Wọ́n Ṣe Ń Ka Orí ní Amẹ́ríkà

Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹsàn-án

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdúró, ẹ sì kú àìrí ọmọ yín sójú. Ṣé ara le? Ṣé etí yín ti sàn díẹ̀? Èmi wà láàyè, mo ń jẹun, mo ń sùn. Ẹ má dààmú.

Nínú lẹ́tà yín tó dé kẹ́yìn, ẹ bi mí bóyá mo ti rí olórí Amẹ́ríkà sójú. Bàbá, mo ti sọ ọ́ rí, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ibi tí mo wà kì í ṣe Amẹ́ríkà. Òkun tó wà láàrin èmi àti Amẹ́ríkà ò kéré sí èyí tó wà láàrin ẹ̀yin àti wọn. Mo mọ̀ pé lójú àwọn tó ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù yín, ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ ọkọ̀ òfúrufú, Amẹ́ríkà ló lọ. Ẹ bá mi là wọ́n lọ́yẹ̀.

Iṣẹ́ mi ò tíì yí padà. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó náà ni, abẹ́ ilẹ̀ ni yàrá ìfọṣọ wa wà. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, ó wà lókè téńté, ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá ní títì nìkan ni mo ń rí. Bàtà ni mo wá fi ń dá ènìyàn mọ̀. Obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní ìlú mìíràn, wọn ò sì tíì fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Ó ku èmi àti ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ń sọ̀rọ̀, èmi ń gbọ́.

Bí mo bá gbé aṣọ lọ sókè, tẹlifíṣọ̀n wà ní gbogbo yàrá, ìdìbò Amẹ́ríkà ló sì ń sọ. Ó yà mí lẹ́nu. Ìlú yìí dìbò tirẹ̀ lọ́dún tó kọjá, kò sẹ́ni tó gbóhùn sókè. Ṣùgbọ́n ti Amẹ́ríkà yìí, arúgbó tí kò lè dá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ń nàka sí tẹlifíṣọ̀n, ó ń bá a jà.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó ẹrù sí yàrá mi. Ìwé iṣẹ́ mi yóò parí ní ìparí ọdún tó ń bọ̀, ibẹ̀ ni mo ń bọ̀. Nígbà mìíràn tí mo bá ń ká aṣọ, mo máa ń to yàrá náà lọ́kàn mi, bẹ́ẹ̀dì lápá òsì, tábìlì lábẹ́ fèrèsé, títí gbogbo rẹ̀ á fi pé.

Ẹ tètè fèsì. Ẹ sì kọ ọ́ kó gùn. Èyí tó kọjá, ìkíni ló jẹ ìwé tán.

Èmi ni ọmọ yín,
Adákẹ́

*

Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹsàn-án

Adákẹ́ mi,

Ìwọ ọmọ tí à ń fi ọ̀pá fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, o wá di ẹlẹ́nu lórí ìwé! Lẹ́tà rẹ dé, inú mi dùn. Ara mi le. Etí ọ̀tún ti kú pátápátá, ti òsì ń gbọ́ ohun tó bá wù ú. Ó ti ṣàǹfààní fún iṣẹ́: bí oníbàárà bá ní irun òun ò gún, mi ò gbọ́.

O ní ibẹ̀ kì í ṣe Amẹ́ríkà. Mo ti gbọ́, ṣùgbọ́n má sọ ọ́ sókè. Ẹni tó wà lórí òkè, tó ní òun ò sún mọ́ ojú ọ̀run jù wá lọ, ta ni yóò gbà á gbọ́?

Ìdìbò wọn yìí ti pín ṣọ́ọ̀bù sí méjì. Àwa ò lè pe orúkọ àwọn méjèèjì tó ń dupò bó ṣe yẹ, a ti sọ wọ́n ní tiwa. Ọ̀kan ń jẹ́ Onígíláàsì, èkejì ń jẹ́ Olóhùn Ààrá. Ẹ̀yìn Olóhùn Ààrá ni mo wà, nítorí òun nìkan ni mo ń gbọ́ nínú rédíò. Tíṣà tó ń gbé ní ìdojúkọ wa wà lẹ́yìn Onígíláàsì. Bí wọ́n bá ti ka ìròyìn, irun dópin nìyẹn. Lọ́jọ́ Sátidé, mo ti fá ìlàjì orí ọkùnrin kan nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ́, ló bá fò dìde, ó fi ìlàjì orí jà dé ẹnu ọ̀nà.

Wàyí o, ìwọ ni kí o dá wa lẹ́jọ́. Tíṣà ní ní Amẹ́ríkà, èèyàn lè ní ìbò tó pọ̀ jù, kó sì fìdí rẹmi. Mo ní irọ́ funfun ni. Mo ní, "Tíṣà, bí ẹni mẹ́fà bá ní ká jẹun, tí ẹni mẹ́rin ní ká má jẹ, ṣé a ó wá fi ebi sùn?" Ó ní, "Onígbàjámọ̀, orí lo mọ̀ ọ́n fá, o ò mọ̀ ọ́n kà." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín mi! A ti fàdéhùn sí i: ẹni tó bá jẹ̀bi ni yóò máa gbá irun nílẹ̀ títí oṣù kan. Béèrè dáadáa, kí o sì kọ ọ́ kó yé wa, torí n ó kà á sókè.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló kù. Bàbá rẹ kékeré, Bíríkìlà, tún ti gbé ti ilé dé. Ó ní ká ta ilé Bàbá àgbà, kí oníkálukú mú tirẹ̀. Ẹbí máa jókòó lé e lórí ní ìparí oṣù Kọkànlá. Má fòyà. Ìyàwó mẹ́ta ni Bàbá àgbà fẹ́. Ìyá tèmi bí márùn-ún, ohùn wa sì ṣọ̀kan: a ò tà. Ìyá Bíríkìlà bí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ìyàwó kẹta bí Nọ́ọ̀sì nìkan, ẹ̀yìn Bíríkìlà lòun náà wà. Kí a ka orí-ò-jorí, ta ló fẹ́ borí wa? Ilé wà, ṣọ́ọ̀bù wà níwájú rẹ̀, yàrá rẹ sì wà. Mo ti ti àgádágodo mọ́ ọn.

Bàbá rẹ

*

Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹwàá

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àríyànjiyàn. Lẹ́tà yín mú mi rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà, ẹnìkan tó ń kọjá sì sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Mo béèrè o. Bàbá arúgbó kan wà nílé ìtọ́jú yìí, tíṣà jọ́gíráfì ni kó tó fẹ̀yìn tì. Kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, kò tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀rọ̀ wọn bí ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìyàwó ilé. Àwọn ọmọ rẹ̀ kì í wá. Nígbà tí mo bi í ní ìbéèrè yín, ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó ní, "Jókòó." Láti ìgbà tí mo ti ń gbé aṣọ wọ yàrá wọn, kò sẹ́ni tó ní kí n jókòó rí. Orúkọ mi gan-an, wọn ò mọ̀ ọ́n. "Aṣọ ti dé" ni wọ́n máa ń wí bí mo bá wọlé.

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nìyí. Wọn kì í da gbogbo ìbò pọ̀ kà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ka tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó bá borí ní ìpínlẹ̀ kan, ìbáà jẹ́ orí kan ṣoṣo ló fi lé, òun ló kó gbogbo agbára ìpínlẹ̀ náà lọ. Nítorí náà, ẹnìkan lè borí rẹpẹtẹ ní ìpínlẹ̀ díẹ̀, kí èkejì fi díẹ̀díẹ̀ borí ní púpọ̀. Bí wọ́n bá ka orí, ti àkọ́kọ́ pọ̀ jù. Bí wọ́n bá ka ìpínlẹ̀, èkejì ló wọlé.

Kí ó lè yé àwọn ará ṣọ́ọ̀bù, ẹ sọ ọ́ báyìí. Bí bàbá bá kú, tó ní ìyàwó mẹ́ta, ọ̀nà méjì ni wọ́n lè gbà pín ogún. Bí wọ́n bá ní orí-ò-jorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Bí wọ́n bá ní ìdí-igi, ìyá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà, ẹni tó bí mẹ́wàá àti ẹni tó bí ẹyọ kan, ọgbọọgba ni wọ́n. Ti Amẹ́ríkà jọ ìdí-igi. Kì í ṣe òun gan-an, nítorí ìpínlẹ̀ ńlá lágbára ju kékeré lọ níbẹ̀, kékeré kàn ń gbà ju bí orí rẹ̀ ṣe tó lọ ni. Ṣùgbọ́n ìdí-igi ló sún mọ́ ọn jù.

Tíṣà jàre, Bàbá. Ẹ gbálẹ̀.

Nípa ti ilé, ẹ ní ọ̀rọ̀ kékeré ni. Kí ló dé tó fi jẹ́ ìsàlẹ̀ lẹ́tà lẹ fi sí? Ṣé Bàbá Kékeré sọ ìdí tó fi fẹ́ tà á? Kò sí nínú ohun tí ẹ kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi.

Bàbá arúgbó yẹn ní kí n padà wá lọ́jọ́ Wẹ́sídeè, pé ó ku bí wọ́n ṣe ń ṣe ilé aṣòfin wọn. Ìyẹn ò kàn mí, ṣùgbọ́n n ó lọ.

Ọmọ yín,
Adákẹ́

*

Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kọkànlá

Adákẹ́ mi, amòye ọmọ,

Mo ti gbálẹ̀! Tíṣà jókòó sórí àga, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń júwe: "Irun kan ṣẹ́kù lábẹ́ bẹ́ǹṣì yẹn." Mo ní kó fi mí sílẹ̀, pé ọmọ tèmi ló dá ẹjọ́ náà, ògo ṣì jẹ́ tèmi.

Àwọn èèyàn kún ṣọ́ọ̀bù dé ìta lọ́jọ́ tí mo ka lẹ́tà rẹ. Àpèjúwe ìdí-igi yẹn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Alápatà ní òun ti ń gbọ́ rédíò láti ìgbà tí òun ti gbọ́njú, kò yé òun rí àfi lónìí. Gbogbo wọn ń wí pé, "Ṣé pé bí àwa náà ni wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún!"

Orí ìjókòó ni Bíríkìlà wà, mo ń gé irun rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún ibẹ̀ yẹn kà." Mo tún un kà. Ó ní kí n tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Inú mi dùn pé ọ̀rọ̀ ọmọ mi wọ̀ ọ́ létí. Nígbà tó ń lọ, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ọwọ́ òsì ló tiẹ̀ fi bọ̀ mí, ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti sin Bàbá àgbà, kò bọ̀ mí lọ́wọ́ rí.

Ní ti ìdí tó fi fẹ́ ta ilé, mi ò bi í. Ojúkòkòrò náà ni, kí tún ni?

Wọ́n ní òní ni wọ́n ń ka ìbò náà lọ́hùn-ún. Mo ti ra bátìrì tuntun sí rédíò.

Bàbá rẹ

*

Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kọkànlá

Bàbá mi,

Ẹ kú ojúmọ́. N kò ní kí yín pẹ́, nítorí kí lẹ́tà yìí lè bá ọkọ̀ òní lọ.

Bàbá, kí ló dé tí Bàbá Kékeré fi ní kí ẹ tún un kà? Ẹ rò ó wò. Orí-ò-jorí, ẹ borí wọn. Ìdí-igi, ìyá méjì wà lọ́dọ̀ wọn, ìyá kan wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ má jẹ́ kí lẹ́tà yẹn dé ibi ìpàdé. Tí wọ́n bá bi yín, ẹ sọ pé Amẹ́ríkà ni mo ń sọ, kì í ṣe ilé Bàbá àgbà.

Mo gbìyànjú láti pè yín. Tẹlifóònù ilé ìfìwéránṣẹ́ ìlú yín ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e.

Ẹ ti gbọ́ pé Olóhùn Ààrá fìdí rẹmi. Àwọn nọ́ọ̀sì ibí kan ń bú sẹ́kún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. N kò mọ èyí tí ó yẹ kí n ṣe nínú méjèèjì. Ilé wa ni mo ń rò.

Ẹ fèsì kíákíá.

Adákẹ́

*

Ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Kejìlá

Adákẹ́,

Mo kí ọ.

Ìpàdé ti parí. Mo dìde, mo ní kí wọ́n ka orí. Bíríkìlà ò tiẹ̀ gbóhùn sókè, Tíṣà ló ń tún un sọ sí mi létí òsì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, orí tí ẹ fẹ́ kà yìí, ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi tí ojú ti là nìyẹn?" Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà rẹ láìmú ìwé lọ́wọ́, láti òkè dé ilẹ̀. Ó fo ibi tí o ti ní kì í ṣe òun gan-an.

Olórí ẹbí bi mí: "Ṣé ọmọ rẹ ló kọ ọ́?" Kí ni kí n wí? Èmi ni mo kà á fún gbogbo àdúgbò. Ó ní, "Bí Amẹ́ríkà tó fò dé òṣùpá bá ń ka ìdí-igi, ta ni àwa tí a ó máa ka orí?" Nọ́ọ̀sì na ọwọ́, Bíríkìlà na ọwọ́. Ìdí-igi méjì ní ká tà, ọ̀kan ní ká má tà. Àwa márùn-ún di ẹyọ kan. Wọ́n ní lẹ́yìn ọdún tuntun, olùrà yóò wá wo ilé.

Ilé tí wọ́n bí mi sí. Ibi tí mo ti ń gé irun láti ìgbà tí irun tèmi ti dúdú.

Ọdún gbọọrọ ni mo fi gbàdúrà pé kí ọmọ yìí máa sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tó sọ̀rọ̀, ilé wó.

Má kọ̀wé sí mi mọ́ títí n ó fi mọ ibi tí n ó wà.

Bàbá rẹ

*

Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejìlá

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà kankan ò tíì dé láti ìgbà tí ẹ ti kọ̀wé pé ẹ gbálẹ̀. Àpótí lẹ́tà wa wà lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé, ti àwọn ayálégbé tò tẹ̀lé ara wọn. Mo máa ń ṣí tèmi nígbà tí mo bá ń jáde àti nígbà tí mo bá ń wọlé. Bébà ìpolówó ọjà ni mo ń bá níbẹ̀. Mo máa ń kà wọ́n.

Ìpàdé ti kọjá, mo mọ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé bí ó bá burú ni, ẹ̀ bá ti kọ̀wé. Lẹ́yìn náà, n ó ní bí ó bá dára ni, ẹ̀ bá ti kọ̀wé.

Ó ti ń rẹ bàbá arúgbó yẹn. Láti ìgbà tí ìdìbò ti parí, ó ní kò sí ohun tí òun ń jí fún mọ́. Ó bi mí pé, "Ní ilé yín, ta ni ẹ fẹ́ kó wọlé?" Mo ní bàbá mi fẹ́ èyí tí ohùn rẹ̀ lọ sókè, torí etí. Ó rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ó ní ìdí tó dára jù tí òun ti gbọ́ nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìlà kan péré.

Adákẹ́

*

Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kìn-ín-ní

Bàbá mi Kékeré,

Ẹ kú ọdún, a ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Mo kí gbogbo ilé.

Mo mọ̀ pé ẹ ò retí ìwé mi. Lẹ́tà bàbá mi dé lẹ́yìn ọdún, mo sì ti gbọ́ bí ìpàdé ṣe lọ. N kò kọ̀wé láti bá yín jà. Ọmọdé kì í bá àgbà jà, n kò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n jà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí ẹ mọ̀ sórí, èmi ni mo kọ ọ́, ó kù sí ìlàjì. Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀.

Mo lọ bá bàbá tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà fún mi. Mo bi í pé, "Ẹni tó bá fi irú ìbò yẹn borí, kí ni wọ́n ń fún un?" Ó ní ilé ńlá funfun kan ni wọ́n ń fún un pé kó máa gbé. Mo ní, "Ṣé ó lè tà á?" Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó ní kò lè ta ìlẹ̀kùn kan níbẹ̀. Kì í ṣe tirẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni yóò fi tọ́jú rẹ̀, wọn yóò sì tún dìbò. Bí wọn ò bá fẹ́ ẹ mọ́, á di ẹrù rẹ̀, á jáde, á fi ilé sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Bàbá Kékeré, ìbò ibẹ̀, ẹni tí yóò tọ́jú ilé ni wọ́n ń fi yàn. Wọn kì í fi ta ilé. Bí ẹbí bá fẹ́ lo òfin Amẹ́ríkà, kí wọ́n má mú orí kí wọ́n fi ìrù sílẹ̀. Ẹ ti borí. Ẹ wá tọ́jú ilé náà fún ọdún mẹ́rin. Ohun tí ìbò yín rà nìyẹn.

Ohun kan ṣì kù. Nínú gbogbo lẹ́tà bàbá mi, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti bi yín ìdí tí ẹ fi fẹ́ ta ilé. Bàbá mi kọ̀wé pé ọwọ́ òsì lẹ fi bọ òun lọ́wọ́. Ẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ló ṣe ọwọ́ ọ̀tún?

Ọmọ yín,
Adákẹ́

*

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kejì

Ìwọ ọmọ yìí,

Tíṣà ló ń bá mi kọ ọ́, mo ń sọ, ó ń kọ. Bí ó bá fi gírámà kún un, tirẹ̀ nìyẹn.

Ojú rẹ mú ju ti ìyá rẹ lọ. Àkàbà ló yẹ̀ lábẹ́ mi, níbi tí mo ti ń gbé búlọ́ọ̀kù sókè. Èjìká ọ̀tún ò padà bọ̀ sípò. Bíríkìlà tí kò lè gbé búlọ́ọ̀kù, kí ni wọ́n ń pè é? Mo fẹ́ ra ọjà kékeré kan láti máa tà, ìdí tí mo fi ní ká ta ilé nìyẹn. O lè ní kí ló dé tí mi ò sọ. Ta ni kí n sọ fún? Bàbá rẹ tí a gbọ́dọ̀ pariwo fún kó tó gbọ́? Ṣé irú ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kígbe rẹ̀ láàrin ṣọ́ọ̀bù, kí Alápatà máa ṣe mí pẹ̀lẹ́? Ìwọ nìkan lo béèrè, láti ẹ̀yìn òkun.

Mo mú lẹ́tà rẹ lọ fún Olórí ẹbí. Mo lè fi í pamọ́ o, má rò pé mi ò rò ó. Ó ní ká kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá ní, "Ọmọ yìí ti mú wa. A ò lè gé òfin bí ẹni gé iṣu." Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ bínú, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ ti èjìká mi, òun fúnra rẹ̀ ló fi omijé gbà pé ká má tà á.

A ò tà á mọ́. Èmi ni yóò tọ́jú ilé fún ọdún mẹ́rin. Àwọn yàrá tó bá ṣófo, n ó fi wọ́n háyà, ohun tó bá wọlé lára wọn ni n ó máa jẹ. Ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ kò ní í sún ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Gbogbo àdúgbò ti ń pè mí ní Ààrẹ. Ọmọ kan kí mi lánàá pé, "Ẹ kú ìṣàkóso." Mo fẹ́ jù ú ní òkúta, ọwọ́ ò gbé e.

Bàbá rẹ Kékeré

*

Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹta

Adákẹ́ mi,

Mo kọ ohun tí kò yẹ kí bàbá kọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí ni mo ti kọ ọ́. Fi jì mí.

Ilé dúró. Bíríkìlà ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀, ó ti wá di agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà, òun àti Tíṣà kì í jẹ́ kí n sinmi. Mi ò mọ̀ pé èjìká ló ṣe é. Àárin wa ló wà, mi ò gbọ́. Bí mo bá ń gé irun rẹ̀ báyìí, mo máa ń rọra gbé ọwọ́ náà lé àpá àga.

Mo fẹ́ kí o gbọ́ èyí lẹ́nu mi, kó má jẹ́ ẹnu ẹlòmíràn. Yàrá tó ṣófo kò pọ̀. Tìrẹ wà nínú wọn. Mo jà fún un díẹ̀, Bíríkìlà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń sùn níbẹ̀?" Mo ṣí àgádágodo. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ló gbà á. Mo kó ẹrù rẹ sínú àpótí, ó wà lábẹ́ tábìlì mi ní ṣọ́ọ̀bù, omi ò lè dé ibẹ̀.

Ọmọ dáadáa ni. Kì í pariwo, ó máa ń bá mi pọn omi. Nígbà mìíràn, mo máa ń ṣèèṣì fi orúkọ rẹ pè é, ó sì máa ń jẹ́ mi. Kò burú, àbí?

Ọdún mẹ́rin kì í ṣe títí láé. Ìwé iṣẹ́ rẹ tó ń parí lọ́dún yìí, o ò ṣe bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi kún un? Tàbí kí o kúkú kọjá sí Amẹ́ríkà, ṣebí o ti sún mọ́ ọn. Kọ̀wé sọ bí olórí tuntun yìí ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún. Rédíò ò fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ mọ́, ṣọ́ọ̀bù sì ń béèrè rẹ.

Bàbá rẹ

*

Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹta

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìgbádùn àríyànjiyàn. Inú mi dùn pé ẹ̀yin àti Bàbá Kékeré ti ń jókòó pọ̀. Ẹ má tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ mi, ọmọ yín ni mí.

N kò lè sọ bí Amẹ́ríkà ṣe ń lọ mọ́. Bàbá tó ń ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá, wọ́n pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, wọ́n sì fa máàpù Amẹ́ríkà tó lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀ ya, torí wọ́n ń kánjú. Ẹni tó wà ní yàrá náà báyìí kì í fẹ́ kí wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n. Mo máa ń gbé aṣọ lé orí àga, n ó sì jáde.

Mo ti bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ nípa ìwé iṣẹ́. Ó ní kò sí wàhálà, wọ́n lè fi kún un, nítorí n kì í da ẹnikẹ́ni láàmú. Mo ti buwọ́ lù ú.

Ti orúkọ mi tí ẹ fi ń pè é, kò burú, Bàbá.

Ẹ bá mi sọ nǹkan kan fún un. Fèrèsé yàrá náà, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, igi rẹ̀ máa ń wú, á há. Ẹ ní kó má fi agbára tì í, dígí ìsàlẹ̀ ti sán tẹ́lẹ̀. Kó fi ọwọ́ òsì gbé e sókè díẹ̀, kó fi ìka méjì tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lápá ibi tí bẹ́ẹ̀dì wà, kó wá rọra tì í síta. Ó máa kọ́kọ́ dà bí ẹni pé kò ní í gbà. Kó ní sùúrù fún un, á ṣí.

Èmi ni,
Adákẹ́